Ẹ béèrè ìtàn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: Bí oníṣòwò ṣe lè ra ère tí olóògbé gbẹ́ láìkábàámọ̀

Nígbà kan, bí ọjà bá tà fún oníṣòwò ní Sùúrùlérè tàbí Múṣin, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wọ pálọ̀ rẹ̀ kò ju tẹlifíṣàn ńlá, àga tìmùtìmù àti aago ara ògiri lọ. Àmọ́ nǹkan ti ń yàtọ̀. Àwọn kan nínú àwọn tí Ọlọ́run bù kún iṣẹ́ wọn ti ń fi ère kékeré kan kún ẹrù ilé wọn, ère igi tàbí ti idẹ tí kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, tó ṣeé gbé kalẹ̀ sórí tábìlì. Ohun tó lẹ́wà ni wọ́n ń fẹ́, wọ́n sì ń fẹ́ kó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ìlú wọn, pàápàá ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò parẹ́ lẹ́yìn tó ti kú.

Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ohun tó burú ni pé oníṣòwò tó gbọ́n nínú ọjà tirẹ̀ lè fi ọgbọ́n náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bó bá fẹ́ra ère. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ládípọ̀ kò ní sanwó páàtì tí kò yẹ̀ wò tinú-tẹ̀yìn. Ìyá tó ń ta léèsì ní Tejúoṣó á na aṣọ náà, á fi ìka pa á wò, á béèrè ibi tó ti wá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ère síwájú àwọn èèyàn wọ̀nyí kan náà, tí wọ́n ní olóògbé Lágbájá ló gbẹ́ ẹ, owó lè jáde lápò wọn láìbéèrè ọ̀rọ̀ kankan.

Ẹni tó ti kú kò lè dáhùn mọ́

Bí ẹni tó gbẹ́ ère bá wà láyé, ọ̀rọ̀ kò le. Wọ́n lè pè é lórí fóònù, kó wo ère náà, kó sọ bóyá iṣẹ́ òun ni tàbí kì í ṣe iṣẹ́ òun. Bí kò bá sí ìwé kankan tó bá a rìn, ó lè jókòó kó kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Bó bá ti papò dà, ìyẹn ti tán. Ẹni tó ń ta ère nìkan ló kù tó ń sọ̀rọ̀, owó sì ni òun ń wá. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń ra ayédèrú ní owó ojúlówó.

Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn nìyí: ohun méjì ni ẹ ń rà bí ẹ bá ra iṣẹ́ ọwọ́ olóògbé. Àkọ́kọ́ ni ère fúnra rẹ̀. Ìkejì ni ìtàn rẹ̀, ìyẹn bó ṣe kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é títí tó fi dé ọwọ́ ẹni tó ń tà á fún yín. Bí ẹ bá san owó méjèèjì, tí wọ́n sì kó ẹyọ kan ṣoṣo fún yín, wọ́n ti rẹ́ yín jẹ. Yorùbá ní ọ̀nà ló jìn, ẹrú ní baba. Ère náà ní baba, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ ọnà kò jìnnà sí Yaba

Àwọn kan rò pé Ikòyí àti Victoria Island nìkan ni ọ̀rọ̀ ère wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Apá ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn àgbà oníṣẹ́ ọnà ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Ẹ wo olóògbé Abáyọ̀mí Barber. Ọdún 1928 ni wọ́n bí i ní Ilé-Ifẹ̀. Láwọn ọdún 1960, ó wà ní London, ó ń kọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń mọ ère àti bí wọ́n ṣe ń dà á, ó sì bá Oscar Nemon ṣiṣẹ́, ẹni tó mọ ère Winston Churchill. Nígbà tó padà wálé, Yunifásítì Èkó ní Akọka ló ti lo ọ̀pọ̀ ọdún. Níbẹ̀ ló ti tọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fi ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ ṣe tiwọn, títí tí àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà fi ń pe ọ̀nà náà ní ilé ẹ̀kọ́ Barber. Ère tó bá mọ máa ń jọ èèyàn gan-an ni, bí ẹni pé yóò sọ̀rọ̀. Ó kú ní Oṣù Kejìlá ọdún 2021, nígbà tó pé ẹni ọdún 93.

Ní Yaba kan náà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì tí gbogbo èèyàn ń pè ní Yabatech wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1947. Olóògbé Yusuf Grillo, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Nàìjíríà, ìyẹn Society of Nigerian Artists tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1963, ló jẹ́ olórí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 25. Oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni òun náà kú. Bí ẹ bá sún díẹ̀, ẹ ó dé Ìgànmú, níbi tí gbọ̀ngàn National Theatre wà, èyí tí ìjọba fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè lọ́dún 2024. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn agbẹ́gilére àti ayàwòrán Universal Studios of Art fi ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ibẹ̀.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kó yani lẹ́nu bí ère gidi bá jáde láti inú ilé olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Akọka tàbí ilé ẹni tó ti fìgbà kan jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yaba. Ṣùgbọ́n ohun kan náà yìí ni àwọn oníjìbìtì fi ń bojú. Bí ẹnikẹ́ni bá ti lè sọ pé, “Lọ́wọ́ bàbá fúnra wọn ni mo ti rà á ní Akọka,” ó ti rí ìtàn tó dùn létí. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tínú ń run.

Kí ló ń gbé owó rẹ̀ sókè?

Ìdí tí iṣẹ́ olóògbé fi lè wọ́n kò jìnnà. Ọjà tí kò ní dé mọ́ ni. Bí ẹni tó ń ṣe é bá kú, iye tó wà nílẹ̀ náà nìyẹn. Bí àwọn tó ń wá a bá ń pọ̀ sí i, owó rẹ̀ á máa gòkè.

Àpẹẹrẹ tí gbogbo ayé mọ̀ ni ti olóògbé Ben Enwonwu, ẹni tó ṣe ère Ṣàǹgó tó wà níwájú ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ní Marina. Lọ́dún 1960, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Daily Mirror ní London gbé iṣẹ́ fún un pé kó gbẹ́ ère igi méje fún àwọn. Ó gbẹ́ wọn, ó sì kú lọ́dún 1994. Nígbà tó di ọdún 2013, wọ́n lu àwọn ère méje náà ní gbàǹjo ní ilé iṣẹ́ Bonhams ní London, owó tó wọlé lórí wọn sì jẹ́ pọ́ùn 361,250.

Ọ̀pọ̀ tó bá gbọ́ irú ìròyìn báyìí, owó náà nìkan ni wọ́n máa ń rántí. Ohun tó yẹ kí oníṣòwò rí níbẹ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti mọ ẹni tó gbé iṣẹ́ náà jáde, ẹni tó ṣe é, iye ère tó jẹ́ àti ọdún tó bọ́ sí. Kò sẹ́ni tó lè dìde lọ́dún 2013 kó ní òun kò mọ ibi tí wọ́n ti wá. Ìtàn wọn mọ́, ìyẹn sì ló jẹ́ kí olówó lè náwó láìfòyà.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ère ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Enwonwu kì í ṣe ẹgbẹ́ gbogbo agbẹ́gilére tó kú. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọnà ló gbẹ́ ère dáadáa, tó sì jẹ́ pé àwọn ará àdúgbò àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn nìkan ló mọ̀ wọ́n. Ère irú wọn lè lẹ́wà gan-an, kó sì tọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún nínú ilé, kí owó rẹ̀ má kúrò lójú kan. Iye àwọn tó ń wá ọjà ló ń sọ iye tí wọ́n máa tà á, kì í ṣe bí ẹni tó ṣe é ṣe dára tó nìkan.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí iṣẹ́ ẹnì kan ń lọ, ẹ má béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tà á fún yín nìkan. Ilé iṣẹ́ Arthouse Contemporary ti ń lu iṣẹ́ ọnà ní gbàǹjo nílùú Èkó láti ọdún 2008. Ní gbàǹjo, ìta gbangba ni wọ́n ti ń pe iye tí nǹkan lọ, ìwé tí wọ́n sì ń tẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà máa ń sọ bí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó, ohun tí wọ́n fi ṣe é àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Ẹni tó bá wo irú ìwé bẹ́ẹ̀ méjì mẹ́ta ti ní ohun tó lè fi díwọ̀n iye tí wọ́n bá pè fún un.

Igi kan ṣoṣo ni, àbí mọ́ọ̀dù ló wà nílẹ̀?

Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì, ẹni tó ń ta búlọ́ọ̀kù sì lè tètè lóye rẹ̀. Ère tí wọ́n fi igi gbẹ́, ẹyọ kan ni. Agbẹ́gilére lè gbẹ́ òmíràn tó jọ ọ́, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí ojú igi yàtọ̀, ojú ọ̀bẹ náà sì yàtọ̀. Ère tí wọ́n dà kò rí bẹ́ẹ̀. Amọ̀ ni oníṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ fi mọ ọ́n. Lẹ́yìn náà, á fi mọ́ọ̀dù gba ojú rẹ̀, á wá da idẹ, sìmẹ́ǹtì tàbí fáíbà sínú mọ́ọ̀dù náà. Bí mọ́ọ̀dù bá ṣì wà, ère tún lè jáde.

Oníṣẹ́ tó bá ń ṣe é bó ṣe yẹ máa ń sọ iye tí òun fẹ́ dà, á sì kọ ọ́ sídìí ère. Bí ẹ bá rí 3/8, ó túmọ̀ sí pé mẹ́jọ ló fẹ́ dà lápapọ̀, èyí tó wà lọ́wọ́ yín sì ni ìkẹta. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé mọ́ọ̀dù kì í bá ẹni tó ni ín wọ sàréè. Ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ikú bàbá lè da ogún míràn, kó sì máa tà wọ́n bí ẹni pé ọwọ́ bàbá ni wọ́n ti jáde. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ère dídà, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n dà á: ṣé ṣáájú ikú rẹ̀ ni àbí lẹ́yìn rẹ̀? Èyí tí àwọn ẹbí dà lẹ́yìn ikú kì í ṣe ayédèrú bí wọ́n bá sọ ọ́ gbangba, àmọ́ kò yẹ kí owó rẹ̀ tó ti èyí tí oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ dà.

Ẹ tún rí i dájú pé ohun tí wọ́n pè é ló jẹ́. Àwọn kan máa ń da lúlúù idẹ pọ̀ mọ́ fáíbà, á sì dán bí idẹ gidi. Ẹ gbé e wò: idẹ wúwo, fáíbà fúyẹ́. Ẹ fi ìka kàn án: idẹ máa ń tutù lọ́wọ́. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kékeré sún mọ́ ọn: bí mágínẹ́ẹ̀tì bá lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, irin ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe idẹ. Ti igi náà ní tirẹ̀. Ẹ yí i po, kí ẹ wo ìdí rẹ̀, kí ẹ wá ihò kékeré tí ìyẹ̀fun igi ń jáde níbẹ̀, nítorí kòkòrò ló ń gbé nínú irú ère bẹ́ẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n gbẹ́ sídìí ère kò tó láti fi gbà á gbọ́. Ẹni tó lè gbẹ́ ère ayédèrú lè gbẹ́ orúkọ sí i lára.

Bí wọ́n bá ní ojúbọ ló ti wá, ẹ sá

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń kiri ère máa ń sọ láti fi polówó: “Alhaja, ẹ wò ó dáadáa, èyí kì í ṣe ti ìsinsìnyí o. Ojúbọ ni wọ́n ti gbé e jáde, ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún.” Ọ̀pọ̀ ni orí rẹ̀ máa ń wú bó bá gbọ́ ọ. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà á ni.

Òfin tí ìjọba ṣe lọ́dún 1979 lórí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti àwọn ohun ìrántí sọ pé ère tàbí iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí wọ́n bá ṣe ṣáájú ọdún 1918, tàbí èyí tí wọ́n bá ti fi ṣe ètùtù tàbí ọdún ìbílẹ̀ rí, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Kò sẹ́ni tó láṣẹ láti rà á bí kò bá jẹ́ ẹni tí àjọ tó ń mójútó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fọwọ́ sí. Bí ohun tí akiri-ère náà sọ bá jẹ́ òtítọ́, ó ti fẹ́ kó yín wọ wàhálà òfin. Bó bá jẹ́ irọ́, ó fẹ́ gba owó yín lórí igi àná tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ tàbí tí wọ́n fi éfín sí lára kó lè dà bí ti àtijọ́. Èyí tó wù kó jẹ́, kò sí èrè níbẹ̀ fún yín.

Ère tí oníṣẹ́ ọnà òde òní ṣe fún títà kò sí lábẹ́ èyí. Síbẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọmọ yín ní London tàbí Amẹ́ríkà, ẹ lọ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ náà ṣáájú, kí wọ́n má baà gbẹ́sẹ̀ lé e ní pápákọ̀ òfuurufú. Rìsíìtì tó sọ orúkọ ẹni tó ṣe é àti ọdún tó ṣe é ló máa jẹ́ kí ìyẹn rọrùn.

Òfin míràn tún wà tó kan oníṣòwò gan-an. Ẹni tó ra ère kò ra ẹ̀tọ́ láti ṣe àdàkọ rẹ̀. Òfin kọ́píráìtì ti ọdún 2022 dáàbò bo iṣẹ́ ọnà títí di 70 ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí oníṣẹ́ náà kú. Ti Barber, tó kú lọ́dún 2021, yóò wà bẹ́ẹ̀ títí ọdún 2091 fi máa parí. Bí ẹ bá fẹ́ fi àwòrán ère náà sára páálí ọjà yín, kàlẹ́ńdà tàbí síńbọ́ọ̀dù, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó jogún rẹ̀ kí ẹ tó gbé iṣẹ́ fún àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú. Bí ẹ bá sì tún un tà ní gbàǹjo tàbí nípasẹ̀ alágbàtà, òfin kan náà fi ìpín sílẹ̀ fún wọn nínú owó tó bá wọlé.

Ta ló láṣẹ láti tà á?

Ibi tó dára jù láti ra iṣẹ́ olóògbé ni ọwọ́ ẹbí rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ìjà pọ̀ sí jù. Ère tó wà nínú ilé bàbá lọ́jọ́ tó kú ti di ogún. Bí àkọ́bí bá gbé ọ̀kan tà fún yín lóru, àbúrò rẹ̀ lè fi lọ́yà ránṣẹ́ sí yín lọ́jọ́ kejì. Ẹ béèrè ẹni tí ilé ẹjọ́ gíga fún ní ìwé àṣẹ láti bójútó ohun ìní olóògbé. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá wà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni kó fọwọ́ sí rìsíìtì yín. Bí kò bá sí, ó kéré tán, kí méjì tàbí mẹ́ta nínú àwọn ọmọ fọwọ́ sí i pa pọ̀, kó má jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Bó bá jẹ́ gálárì tàbí ẹlòmíràn ló ń tà á, àwọn ìbéèrè mẹ́ta yìí ni kí ẹ bi í. Ta ló kọ́kọ́ rà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é? Ọwọ́ àwọn wo ló ti gbà kọjá? Ìwé wo ló wà tó jẹ́rìí sí i? Rìsíìtì àtijọ́ jẹ́ ẹ̀rí. Ìwé àfihàn tí àwòrán ère náà wà nínú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Fọ́tò tí olóògbé yà pẹ̀lú rẹ̀ dára ju gbogbo wọn lọ. Ẹ̀rù kì í ba ẹni tó ní ojúlówó láti dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Bó bá ń bínú, tó ń sọ pé ẹlòmíràn ti fẹ́ sanwó lálẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn náà sanwó.

Ìwádìí kò le fún ẹni tó ń gbé apá ibí yìí. Àwọn tí olóògbé kọ́ níṣẹ́ ṣì wà, ojú wọn sì mọ ọwọ́ ọ̀gá wọn. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ní ẹ̀ka l'Ékòó. Ní Sabo, Yaba, ni olóògbé Bísí Silva dá Centre for Contemporary Art sílẹ̀ lọ́dún 2007, ó sì kó àwọn ìwé lórí iṣẹ́ ọnà jọ síbẹ̀ láti fi ṣe ibi ìkàwé. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí ẹ bá fi wádìí lè gba owó ọdún kan là.

Inú èrè ni kí owó rẹ̀ ti wá

Ibi yìí ló yẹ kí oníṣòwò ti fara balẹ̀ jù. Ká ní ère kan jẹ́ N300,000. Bí ẹ bá fi owó náà ra ọjà tó ń yí lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, tí ẹ sì ń jèrè N5 lórí N100 nígbà kọ̀ọ̀kan, èrè yín lọ́dún á jẹ́ N60,000. Ère tó wà lórí tábìlì kò ní mú kọ́bọ̀ wálé lọ́dún náà.

Bí ẹ bá wá ní ẹ fẹ́ tà á ńkọ́? Ká ní owó rẹ̀ gòkè dé N360,000, tí ẹni tó bá yín tà á sì gba N15 lórí N100. N54,000 ni tirẹ̀. Ohun tó máa kù fún yín ni N306,000, ìyẹn èrè N6,000 péré, láìtíì ka iye oṣù tí ẹ fi wá oníbàárà. Ère kì í ṣe àpò ìrẹsì ní Dálékọ tí wọ́n lè gbé jáde láàárọ̀ kí owó dé kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ tí owó iléèwé ọmọ tàbí rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù bá délẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ máa rí ẹni tó máa ra ère.

Nítorí náà, owó orí òwò kò gbọ́dọ̀ bá a lọ. Owó tí ẹ yá ní báńkì tàbí owó àjọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó tí ẹ fẹ́ fi ra ọjà kò gbọ́dọ̀ bá a lọ. Inú èrè tó ti kúrò nínú òwò pátápátá ni kó ti wá, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò yín gẹ́gẹ́ bí owó tí ẹ mú fún ara yín. Ẹ rà á nítorí pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀, pé inú yín máa dùn bí ẹ bá ń wò ó láràárọ̀. Bí owó rẹ̀ bá wá gòkè lẹ́yìn ogún ọdún, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bí kò bá gòkè, ẹ kò pàdánù ohun tí ẹ torí rẹ̀ rà á.

Bí iye tí wọ́n pè é bá ju agbára yín lọ, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè gbà á díẹ̀díẹ̀. Àwọn gálárì kan máa ń gbà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kọ iye tí ẹ san, iye tó kù àti ọjọ́ tí ẹ máa gbé e sílẹ̀, kí tọ̀tún-tòsì sì fọwọ́ sí i.

Nígbà tó bá délé

Ẹ bá aya tàbí ọkọ yín sọ ọ́ kí ère tó wọlé. Àwọn kan ṣì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí ère, òrìṣà ni wọ́n máa ń rò, ère tí wọ́n fi owó ńlá rà sì lè di ohun tí wọ́n máa jó níná lẹ́yìn ìsọjí. Ó dára kí wọ́n mọ̀ pé olóògbé Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún tó kú lọ́jọ́ 25 Oṣù Kejìlá ọdún 2009, Mùsùlùmí ni, bẹ́ẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ère fún ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Kátólíìkì. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń bọ.

Ẹ má gbé ère igi sí iwájú ẹ̀rọ amúlétutù tàbí ibi tí oòrùn ti ń ràn án, nítorí yóò là. Ẹ má jẹ́ kó kan ògiri tí ikán ti ń gbà. Aṣọ gbígbẹ tó fúyẹ́ ni kí ẹ fi nu eruku rẹ̀. Ẹ má fi fáníìṣì kùn ún, ẹ má sì fi Brasso dán ère idẹ. Àwọ̀ tí ọjọ́ orí fún un wà lára ohun tí ẹ sanwó rẹ̀, ẹni tó bá bó o kúrò ti dín owó ara rẹ̀ kù.

Ní paríparì rẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á gan-an, ẹ jókòó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀: orúkọ ẹni tó ṣe é, ohun tó fi ṣe é, bó ṣe ga tó, ẹni tí ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀, iye tí ẹ san àti ọjọ́ tí ẹ san án. Ẹ ya fọ́tò iwájú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Ẹ so ó pọ̀ mọ́ rìsíìtì, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíràn. Àwọn tí iná ọjà Tejúoṣó ọdún 2007 jó ìwé wọn mọ́ ọjà mọ ìdí tí kò fi yẹ kí ìwé àti ẹrù wà lójú kan. Láti ọjọ́ náà lọ, orúkọ yín ti wọ inú ìtàn ère náà. Bí ọmọ yín bá fẹ́ tà á lọ́jọ́ iwájú, tàbí tó fẹ́ mọ ohun tó wà lórí tábìlì bàbá tàbí ìyá rẹ̀, ìwé yẹn ló máa dá a lóhùn.